Àwọn Ọmọ Ike Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Oòrùn

Ilé Jòhánù Ọlánípẹ̀kun,
Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2016.

Ndanusa, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà? Hàwáù ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kó máa bẹ̀rẹ̀ bó ṣe fẹ́, àbí ó ṣì jókòó sójú kan tó ń fi ẹnu ṣàkóso gbogbo ilé? Ṣé ọyẹ́ kò tíì la ètè gbogbo yín tán ní Ṣàárẹ́? Níbí, ètè mi ti là débi pé bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò yọ mí lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tí ohunkóhun ti pa mí lẹ́rìn-ín, àfi èyí tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ yìí.

Mo gbọ́ pé etí rẹ kò gba fóònù mọ́. Kúbúrá ọmọ rẹ sọ pé bí wọ́n bá gbé e sí ọ létí, ńṣe lo máa ń dáhùn "Wa alaikumu salaamu" léraléra títí yóò fi sú ẹni tó wà níbẹ̀, tí yóò sì pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé. O mọ̀ pé èmi kò mọ ìwé. Rúùtù, ìyàwó Lawrence, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ti sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ni n óò máa bú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kò burú, pé òun náà ní díẹ̀ tí òun fẹ́ kí n bá òun fi kún un.

O rántí Lawrence, àkọ́bí mi, èyí tí a bí lọ́dún tí a gba òmìnira. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ó sì ti kó wálé. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ dé, gbogbo àdúgbò ló jáde wá wò. Àwọn kan ní fíríìjì ni, àwọn kan ní jẹnẹrétọ̀ ni. Páálí ni o, páálí lórí páálí, ó sì ń pariwo mọ́ àwọn tó ń bá a rù ú pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n má gba inú oòrùn, abẹ́ òrùlé ni kí wọ́n máa gbà. Àbúdùlàhí alágbàṣe, tó gbé ọ̀kan lérí, bi í pé ṣé ẹyin ni àbí òkú. Nígbà tí wọ́n tú u, ohun ìṣeré ọmọdé ló wà níbẹ̀, Ndanusa. Mọ́tò ike, ọkọ̀ òfúrufú ike, ṣọ́jà ike tí kò ga ju ìka mi lọ, àti ẹranko kan tó dà bí alángbá tó jẹun yó. Bẹ́ẹ̀, ewú ti gba gbogbo irùngbọ̀n Lawrence.

Mo bi í pé ọmọ ta ni yóò fi wọ́n ṣeré. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣeré. Ó ní àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tó ń kó irú rẹ̀ jọ, pé bí ó bá ti pẹ́ sí i tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé alángbá ike ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀tá ohun ìṣeré wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí Lawrence ti wí, ìmọ́lẹ̀ ni. Oòrùn a máa jẹ ike, a máa sọ funfun di pupa rúsúrúsú bí eyín amutábà, a sì máa mú un gbẹ títí yóò fi máa ṣẹ́ bí ìpékeré. Iná mànàmáná kò dára fún un. Ooru kò dára fún un. Ọwọ́ tó lóróró kò dára fún un. Mo ní kí ló wá dára. Ó ní òkùnkùn, ibi tó tutù, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án. Mo ní mo mọ ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún méje.

Ó gba pálọ̀ iwájú lọ́wọ́ mi, ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì sí i, ó to àwọn ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé. Nígbà tí aṣọ àkọ́kọ́ kò nípọn tó, ó tún padà sí Àjàṣẹ́-Ìpo lọ ra òmíràn tó nípọn jù ú lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn tí a ránṣẹ́ sí i ní Èkó, iṣẹ́ kò jẹ́ kó wá títí ìyá rẹ̀ fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ti aṣọ dúdú, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ. Rúùtù dáwọ́ dúró níbí yìí, ó ń wo ojú mi. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ìwọ wá wo pálọ̀ yẹn báyìí. Bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wàá rò pé ojú rẹ ló fọ́. Alàgbà Ignatius láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wa lẹ́yìn Kérésì. Ó wọlé láti inú oòrùn, kò ríran, ó dọ̀bálẹ̀ fún kóòtù tí Lawrence fi kọ́ ara ògiri, ó kí i kú ọdún, ó sì bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ti débi pé ó fẹ́ gbàdúrà fún un kí n tó wúkọ́. Nígbà tó jókòó, Lawrence tan tọ́ọ̀ṣì sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó lè rí àwọn ṣọ́jà, ó sì tètè pa á bí ẹni ń fi ẹrù olè han ẹni tí yóò rà á. Alàgbà ní òun kò rí nǹkan kan. Lawrence ní kò léwu, pé ìmọ́lẹ̀ tó tó nìyẹn. Rúùtù ní kí n bá òun fi kún un pé inú òkùnkùn yẹn ni òun ti lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì òun, tí ọrùn rẹ̀ jóná, tí Lawrence sì ní kí òun má ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde.

Mo sọ fún un pé àwọn ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́, inú igbó ni wọ́n jókòó sí kí bàbá bàbá mi tó dáyé. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n, iná ọ̀ẹ̀rùn jó lé wọn lórí, ẹnikẹ́ni kò ta kọ́tìnnì fún wọn, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n. Ó ní, "Bàbá, òkúta kọ́ ni ike." Mo ní kí ló wá dé tí kò kó òkúta jọ.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀fẹ̀ ni. Èyí tó kàn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ìwọ nìkan ló sì kù láyé tó mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ̀ ọ́n.

O rántí ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa yìí sílẹ̀, nígbà tí Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi bí ìbejì láàárín òjò. Ibà apọ́njú mú wọn. Ojú wọn pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ wọn pọ́n, gbogbo ara wọn pupa rúsúrúsú. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa gbé wọn sí oòrùn àárọ̀, pé oòrùn yóò gba pupa náà kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n oòrùn kò yọ. Òjò ṣú láti ibí dé Rore, ó ṣú títí, kò rọ̀ tán, kò sì ṣí. Morẹ́nikẹ́ ń gbé wọn láti fèrèsé kan dé òmíràn, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, bóyá yóò rí ibi tí ojúmọ́ ti mọ́ díẹ̀. Táyé kọ́kọ́ lọ. Kẹ́hìndé tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kejì tí a sin ín ni oòrùn yọ. Ó yọ ganranganran, Ndanusa, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

A kò lè gbẹ́ ère ìbejì fún un. Àwọn míṣọ́n ní Kìrìsìtẹ́nì kì í gbẹ́ igi kó máa wẹ̀ fún un kó máa fún un lóúnjẹ. Ìwọ ń ti Ìlọrin kó ẹrù ike kọjá nígbà náà, abọ́, ife, àti àwọn ọmọlangidi funfun. O yà kí wa. O jókòó, o tú ẹrù rẹ, o mú ọmọlangidi méjì, o gbé wọn lé Morẹ́nikẹ́ lẹ́sẹ̀, o sì di ẹrù rẹ padà. Ìmáàmù yín kò mọ̀, pásítọ̀ wa kò mọ̀. Nígbà tí pásítọ̀ rí wọn, ó ní ohun ìṣeré tó dára ni, pé oríire ni ti Lawrence. Lawrence kò rí wọn fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó na ọwọ́ sí wọn, ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà débi tó fi wú. Bóyá láti ìgbà náà ló ti ń wá ohun ìṣeré kiri, n kò mọ̀, n kò sì bi í. Gbogbo ìlú padà ń pe Morẹ́nikẹ́ ní Ìyá Lawrence kó lè gbàgbé. Ìwọ nìkan lo ń pè é ní Ìyá Ìbejì títí ó fi kú. Ó máa ń dáhùn ọ kíákíá ju bó ṣe ń dá mi lóhùn lọ.

Láàárọ̀ láàárọ̀ ló máa ń fi ọwọ́ tútù nu ojú wọn, tó sì máa ń gbé wọn sójú fèrèsé yàrá wa tó kọjú sí ìlà oòrùn. Bí oòrùn bá ti gbóná, á gbé wọn wọlé. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Oòrùn tí nọ́ọ̀sì ní yóò gba pupa lára ọmọ, ó wá kó pupa bá ike. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pọ́n, títí wọ́n fi pọ́n bí ìyeyè. Nígbà tó kú, n kò kó wọn kúrò níbẹ̀. N kò gbé wọn wọlé, n kò gbé wọn jáde. Wọ́n jókòó síbẹ̀, èmi náà jókòó sí tèmi.

Nígbà tí Lawrence wá wọ yàrá mi tó rí wọn, ńṣe ló di orí mú. Ó ní mo ti pa wọ́n. Ó yí wọn, ó wo ìdí wọn, ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá sílé, pé àwọn èèyàn ń wá irú wọn kiri báyìí, pàápàá bí páálí wọn bá ṣì wà. Ó ní kí n bèèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá páálí tí wọ́n bá wá ṣì wà níbì kan nílé rẹ. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nìyẹn. Mo sọ fún un pé kó fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ó ní òun ti gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sìnkú àna mi kan ní Rore. Nígbà tí mo dé, Táyé nìkan ló wà lójú fèrèsé. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bá Lawrence níbẹ̀, ó lóṣòó sínú oòrùn, ó fi agboòrùn bo orí ara rẹ̀. Kẹ́hìndé wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀. Ó ti lọ ra oògùn olómi tí àwọn onídìrí fi ń sọ irun dúdú di pupa ní ṣọ́ọ̀bù Suliat, ó fi kun ọmọ náà látòkè délẹ̀, ó sì fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé ọ̀ọ̀lẹ̀. Ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, kí oòrùn lè kárí.

Mo ní, "Lawrence, ṣé kì í ṣe oòrùn tó o ní ó ń jẹ wọ́n nìyí?"

Ó ní, "Òun náà ni, Bàbá. Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ láìsí oòrùn."

Mo ní, "Olè tó kó ẹ lẹ́rù lo wá bẹ̀ pé kó bá ẹ ṣọ́lé."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbà á tán ná. Ẹ ó rí i bí yóò ṣe rí."

Mo dúró. Mo fẹ́ rí i. Ó tú ọ̀rá náà, ó fi omi ṣàn án, ó gbé e sókè bí agbẹ̀bí ṣe ń gbé ọmọ tuntun han bàbá rẹ̀. Ó funfun, Ndanusa. Ó funfun bí inú àgbọn, bó ṣe rí lọ́jọ́ tó o mú un nínú ẹrù. Ó dà bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Gbogbo òwúrọ̀ Morẹ́nikẹ́ ni Suliat onídìrí ti bá Lawrence ṣàn dànù láìmọ̀.

Lawrence ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Màmá ì bá dúpẹ́."

Mo bi í pé àwọ̀ wo ni Kẹ́hìndé. Ó ní funfun, ṣebí mo ń wò ó. Mo ní kì í ṣe ti ike, Kẹ́hìndé àbúrò rẹ̀ ni mò ń bi í. Kò mọ̀. Ìlú Bàbáńlá, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ló wà lọ́sẹ̀ náà, ìgbà tó fi dé, a ti sin wọ́n. Kò sẹ́ni tó ròyìn fún un, nítorí a kì í ròyìn irú rẹ̀. Mo ní pupa ni. Mo ní pupa ni àwọn méjèèjì fi lọ. Mo wá sọ ti nọ́ọ̀sì fún un, àti ti òjò, àti ti oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì. N kò pariwo. Ariwo mi ti tán láti ọdún méje.

Agboòrùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀, òun àti ṣòkòtò àtàtà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, yóò padà."

Mo ní kí ni yóò padà.

Ó ní pupa náà. Ó ní oògùn yẹn kì í mú un lọ títí. Bí èèyàn tilẹ̀ gbé e sínú òkùnkùn, lọ́jọ́ kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ní nǹkan ìtìjú ni láàárín àwọn tó ń kó ohun ìṣeré jọ, pé wọn kì í fẹ́ kí ẹni tó ń rà á gbọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní bí a bá wá gbé e sínú oòrùn ńkọ́. Ó ní á yára padà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní láti ọjọ́ tó ti kó dé láti Èkó, ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn.

Mo gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé. Ọ̀kan pọ́n bí ìyeyè, ọ̀kan funfun bí olóyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń gbé wọn jáde láàárọ̀, tí mo sì ń gbé wọn wọlé bí oòrùn bá gbóná, gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti máa ń ṣe é. Àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé ń yíjú bìrí wò mí. Ìyá Janet tó ń gbé òdìkejì títì bi mí ohun tí mò ń ṣe. Mo ní mò ń sá a bí ẹni sá èlùbọ́, pé bó bá gbẹ, n óò fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

N kò ní í pẹ́ láyé tó ìgbà tí ọmọ yẹn yóò fi pọ́n dé ibi tí ìyá rẹ̀ gbé e dé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo jí, wọ́n ti wà lójú fèrèsé. Lawrence ni mo bá lóde, ní apá ibẹ̀, nínú oòrùn gangan, orí rẹ̀ ṣófo. Ó ń fi ìka kan sún Kẹ́hìndé síwájú díẹ̀, kí òjìji igi fèrèsé má baà bọ́ sí i lójú. Mo bi í pé agboòrùn rẹ̀ dà. Kò wọlé lọ mú un.

Rúùtù ní kí n sọ fún ọ pé pálọ̀ ṣì ṣókùnkùn bó ti wà. Òótọ́ ni. Jẹ́ kí àwọn ṣọ́jà máa sùn, wọn kò ní ìyá.

Ti páálí tó bèèrè, bó bá ṣì wà nílé rẹ, má fi ránṣẹ́. Ẹ fi dáná. Àwọn ọmọ yẹn kò ní í wọ páálí mọ́.

Bá mi kí Hàwáù, sọ fún un pé mo bẹ orúnkún rẹ̀. Kí Kúbúrá àti ọkọ rẹ̀, kí gbogbo àwọn tí a jọ ń ná ọjà nígbà náà tí ilẹ̀ kò tíì jẹ. Rúùtù kí ọ, Alàgbà Ignatius kí ọ, kóòtù tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbàdúrà fún náà kí ọ. Lawrence kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n kí a kà á mọ́ wọn. Bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, jẹ́ kí ọmọ rẹ gbé ọ wá kí o wá rí wọn. Bí o bá dé ojú fèrèsé, má pe èmi. Ìyá Ìbejì ni kó o pè, bó o ṣe máa ń pè é. Èmi ni n óò dá ọ lóhùn.

Èmi ni tìrẹ títí oòrùn mi yóò fi wọ̀,

Jòhánù Ọlánípẹ̀kun.
Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí.